Ẹ̀ka Tí Odò Gbé Lọ

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí káfíńtà kan ti bá ọmọbìnrin rẹ̀ jà, tí ọmọ náà sì bínú kúrò nílé. Ewì kúkúrú kan ni ohun àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́. Ìyàwó káfíńtà kà á sókè fún ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń gbàdúrà:

"Ẹ̀ka já nínú ìjì, odò gbé e lọ.
Ǹjẹ́ igi ṣì mọ̀ pé òun ní ẹ̀ka kan rí?"

Káfíńtà ń fá pákó lọ. "Kò kí wa láti ọdún mẹ́ta, igi ló wá ń bèèrè!"

"Baálé mi, ẹ̀yin ni igi. Ẹnu yín lọ́jọ́ náà ni ìjì."

"Ẹnu tèmi ni ìjì?"

"Díẹ̀ ló kù kó ṣí òrùlé."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró. Eruku igi ń léfòó nínú ìtànṣán oòrùn, àfi bíi pé ṣọ́ọ̀bù náà ń rọra ṣàn lọ lórí omi. Ó wo pákó iwájú rẹ̀. Kókó dúdú kan wà láàárín rẹ̀, ó rí roboto bí ojú: ibi tí ẹ̀ka ti hù rí nìyẹn. Láti ogójì ọdún tó ti ń fá igi, kò tíì rí kókó tó fá títí tó parẹ́.

"Olúwa, dárí jì mí," ló wí. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ewì náà pé: "Igi mọ̀. Ojú ẹ̀ka náà ṣì wà lára mi. Máa bọ̀ nílé, ọmọ mi."