Páálí Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀rọ

Onínúfùfù ni mí, mo jẹ́wọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n ya àwòrán inú aláìsàn. Òògùn kan wà tí a máa ń fà sínú iṣan wọn kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lè hàn kedere. Ìyá Kọ́kọ́rọ́, àgbà obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá òògùn wa, kì í fún mi ju ìgò kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá rí ṣíbí, wọn ì bá máa bù ú fún wa.

Lọ́jọ́ kan tí ara ta mí, mo yọ́ gbé odindi páálí òògùn náà kan nínú yàrá wọn, mo fi í pa mọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, níbi tí ọwọ́ mi á ti tètè tó o. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ rí ooru, ìmọ́lẹ̀ tàbí ìtànṣán ẹ̀rọ. Mo kọjú ibi ìkọ̀wé náà sí ògiri. Nígbà tó yá, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni wọ́n gbé àbúrò mi wọlé, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Inú ń rún un, ó ń ké.

Dókítà iṣẹ́ abẹ ní, "Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan tó ń bọ́ ìfun ẹ̀. Ìfun yẹn ń kú lọ báyìí o. Ẹ ya àwòrán ẹ̀ kíá, kí n mọ ibi tí màá là."

Mo sáré lọ bá Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Àpótí wọn ṣófo.

Wọ́n ní, "Ìgò tó kẹ́yìn lọ láàárọ̀ yìí. Páálí kan yẹ kó wà níbí, mo wá a títí. Mo tiẹ̀ ti ń rò ó pé ogbó ti dé sí mi."

Ìgbà náà ni mo rántí. Mo padà, mo fa páálí náà jáde, mo gbé ìgò kan sókè lójú fèrèsé. Ohun tó yẹ kó mọ́ bí omi ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nǹkan funfun sì ti jókòó sí ìdí rẹ̀. Mo wo gbogbo ìgò náà. Bákan náà ni wọ́n rí.

Àbúrò mi di aṣọ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà fún mi ní nǹkan. Mò ń kú lọ!"

Mo fa òògùn náà sínú abẹ́rẹ́. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ tó tẹ̀ lé mi wọlé gbá ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Wọ́n wá rí páálí náà. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Wákàtí méjì la fi gbé e dé ilé ìwòsàn mìíràn tí òògùn náà wà. Àbúrò mi kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n gé ìfun rẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù. Dókítà ibẹ̀ ní ká ní a tètè dé ni, àwọn ì bá má gé tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà iṣan ni wọ́n ń gbà bọ́ ọ báyìí. Àfọwọ́fà mi ni.

Bí mo bá lọ wò ó, ó máa ń di ọwọ́ mi mú lójú àlejò. Ìrora kò jẹ́ kó mọ ẹni tó dá mi dúró lọ́jọ́ náà, n kò sì tíì sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi rèé o. Ẹlòmíì ì bá gún mi lóògùn tó ti bàjẹ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ni ò gbà. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn."

Gbogbo wọn á ṣe àmín. Èmi náà á ṣe é.