Kọ̀ǹpútà Kẹfà

Ìṣirò náà ti sú obìnrin tó ń kọ́ àwọn àgbà ní kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà nínú yàrá rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ àádọ́jọ wọ́ọ̀tì. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún lọ, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé wọn ró bí iná bá lọ, pé ó lè gbé ẹgbẹ̀rún. Síbẹ̀, bí iná bá ti lọ tí wọ́n wá tan ìkẹfà, UPS á figbe ta, gbogbo rẹ̀ á kú pi.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ń jókòó sídìí ìkẹfà. Ó fẹ́ mọ bí òun ṣe lè fọwọ́ ara òun tẹ lẹ́tà sí ọmọ-ọmọ òun. Bí iná bá lọ, á rọra gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíì, á ní, “Ẹ má ṣèyọnu, ojú náà ń kẹ́kọ̀ọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn a máa dun olùkọ́ wọnú egungun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá olùkọ́ mú gíláàsì ojú tí ọmọ rẹ̀ gbàgbé sílé wá fún un. Ogójì ọdún ni bàbá fi ṣiṣẹ́ wáyà kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Láti ìgbà náà, ọmọ rẹ̀ kò pè é síṣẹ́ kankan mọ́. Abẹ́ tábìlì ló bá ọmọ náà, tó ń tú UPS.

“Ó ti ń ṣe báyìí tipẹ́?”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá mi.”

“O ò sì sọ fún mi.”

“Mi ò fẹ́ dà yín láàmú ni, sà. Ara yín...”

“Ọwọ́ ló ń gbọ̀n. Orí ò gbọ̀n.”

Àwọn ìyá tó wà nínú yàrá rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò lè bá wọn rín in.

Bàbá padà sílé lọ mú mítà rẹ̀, èyí tó lẹ́nu bíi ti akàn, tó máa ń há wáyà mọ́ra láti ka iye iná tó ń gbabẹ̀ kọjá. Nígbà tó fẹ́ fi há ẹyọ kan nínú àwọn wáyà tó ń gbé iná wọ kọ̀ǹpútà kan, ẹnu mítà ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé ọwọ́ bàbá ró nísàlẹ̀. Mítà dúró sórí àmpù kan.

“Fóòtì mélòó ló ń wọlé?”

“Igba ó lé ọgbọ̀n.”

“Fi àmpù kan yẹn sọ ọ́ di púpọ̀.”

“Igba ó lé ọgbọ̀n náà ni.” Ó tún wo mítà. “Ṣùgbọ́n àádọ́jọ ló ń jẹ.”

“Ohun tó ń jẹ yàtọ̀ sí ẹrù tó ń dì fún wáyà. Iná ń ga, ó ń rọlẹ̀, bí ìgbì. Páwà páàkì yìí, àpótí tó ń gba iná wọ inú kọ̀ǹpútà, kì í mu ún díẹ̀díẹ̀. Á dúró dìgbà tí ìgbì bá ga tán, á wá gbé e mì gbúù. Gbogbo wọn ló ń gbé e mì lásìkò kan náà, UPS ló sì ń rù ú. Páwà fákítọ̀ là ń pe ìyẹn. Ó yẹ kó sún mọ́ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, ti ìwọ̀nyí kò ju mẹ́fà àbọ̀ nínú mẹ́wàá lọ.” Ó tọ́ka sí nọ́ńbà kejì tó wà lára UPS, ẹgbẹ̀fà. “Ẹrù tó lè rù nìyí. Èyí ni o ò kà.”

Ọmọ ṣírò igba ó lé ọgbọ̀n lọ́nà mẹ́fà: egbèje ó dín ogún. Ó fọwọ́ bojú.

Bàbá ní irú páàkì kan wà tí wọ́n ti ṣàtúnṣe sí nínú, tó ń bá ìgbì rìn láti ìsàlẹ̀ dókè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n jọ pààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọmọ ń dé nọ́ọ̀tì, bàbá ń sọ ibi tó kàn.

“Mo rò pé mò ń fún yín nísinmi ni,” ọmọ wí láìgbójú sókè.

“Ìsinmi dáa. Ṣùgbọ́n kéèyàn jókòó sílé kí ẹnikẹ́ni má bi í ní nǹkan kan, ìyẹn kì í ṣe ìsinmi.”

“Ẹ má bínú, Bàbá mi.”

“Mi ò bínú. Rọra dé e, má fún un jù.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, olùkọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà UPS lára ògiri, bíi pé iná lọ. UPS ké lẹ́ẹ̀kan, ó panu mọ́. Ìyá agbẹ̀bí tan ìkẹfà. Gbogbo rẹ̀ dúró digbí. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ṣoṣo tẹ lẹ́tà rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ létè bíi ti ọmọ iléèwé.

“Bàbá mi,” olùkọ́ wí, “yàrá kejì náà fẹ́ gba wáyà. Ẹ ò bá mi wò ó lọ́la?”

“Aago mélòó?”

“Mẹ́sàn-án, sà.”

Nígbà tí olùkọ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì tó aago mẹ́jọ, bàbá rẹ̀ ti jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú ilẹ̀kùn, mítà wà lórí itan rẹ̀.