Ọ̀bẹ Tí Mo Pọ́n Sódì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Síkírù, pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní àwọn ti ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé Bàbá wa ní Ìmùṣin. Kò bi mí ní ohun tí mo rò. Ó kàn ń sọ fún mi ni, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá. Ó ní ẹni tó rà á fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, pé Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò gé igi ọsàn.

"Igi ọsàn wo?" Mo mọ èyí tó ń sọ o. Mo kàn fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni.

"Ọsàn Bàbá. Tàíbátù, ọsàn náà ni ọsàn. Wọ́n ń tà á ní gbogbo kọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde."

Irọ́ ni. Ọsàn Bàbá kò sí ní kọ̀rọ̀ kankan. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, hóró rẹ̀ kò ju méjì mẹ́ta lọ, bí o bá sì fi ẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, ti ẹlòmíràn kò ní wù ọ́ mọ́. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ igi ni mò ń tà ní etí títì ní Ìjagun, ọdún kọkànlá rèé. Mo mọ ọsàn yàtọ̀ sí ọsàn. Mo ti gbin hóró ti Bàbá rí, mo dúró dè é fún ọdún méje, ìgbà tó máa so, kíkan ló kan. Ọ̀nà tó kù ni kí n gé ojú, ibi tí ẹ̀ka tuntun ti máa ń hù, lára igi náà, kí n lọ́ ọ mọ́ ara ọmọ igi ọsàn kíkan tó ti ta gbòǹgbò, kí ti Bàbá lè máa fi gbòǹgbò ẹlòmíràn jẹun. Mo ti fi bíléèdì dán ìyẹn náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ojú tí mo lọ́ ló dúdú, tó sì kú.

Mo pe ọkùnrin ará Ìbàdàn tó máa ń ta igi lílọ́ fún mi. Ó ní ó di oṣù tó ń bọ̀ kí òun tó lè dé. Oṣù tó ń bọ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́ gé igi. Mo bá sọ fún ara mi pé èmi ni n ó ṣe é, bó bá sì bàjẹ́, kó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá Bàbá Simeon ní ọjà àlòkù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, orí àpò ìrẹsì ni wọ́n ń pàtẹ irin wọn sí: sípánà, pílíásì, òòlù tí kò ní èèkù. Abẹ́ wọn ni mo ti rí ọ̀bẹ kan tó ká sínú èèkù ara rẹ̀, irú èyí tí èèyàn lè kì bọ àpò. Ìpẹtà ti bò ó, ìdajì igi èèkù rẹ̀ sì ti fò lọ. Ẹlòmíràn ì bá ti kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ahọ́n idẹ kékeré kan ní ìdí rẹ̀. Ọ̀bẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún igi lílọ́ ni. Ahọ́n idẹ yẹn ni wọ́n fi ń ṣí èèpo igi láìdá a lọ́gbẹ́.

"Bàbá, èló lẹ ń ta eléyìí?"

"Èyí? Òkú ọ̀bẹ ni. Kò ṣeé ṣí. Mo ti fi pílíásì fà á tì."

"Ẹ tà á fún mi bí òkú, nígbà náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹnu mi mú ju ọ̀bẹ lọ. A ná an, ọ̀rọ̀ wọ̀, mo gbé e lọ sílé.

Inú agolo mílíìkì ni mo rì í sí pẹ̀lú kẹrosíìnì, ó sùn síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò fi pílíásì fà á. Ohùn tó tutù ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Mò ń yí i díẹ̀, mò ń kán kẹrosíìnì sí oríkèé rẹ̀, mò ń yí i padà. Lẹ́yìn Alásàrí ló ké kín-ín, ó sì ṣí. Mo pariwo "Alihamudulilahi!" tó bẹ́ẹ̀ tí Joel, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, fi gbé igi jáde pé ejò ni.

Joel náà ló bá mi lu ìṣó oríkèé rẹ̀ tó ti jẹ jáde, tó gé sípóòkù kẹ̀kẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Èèkù, èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ẹ, láti ara àjákù igi apá tí mo tọrọ lọ́wọ́ káfíńtà. Mo fi sáńpépà họ irin náà títí ó fi ń dán. Ihò kéékèèké tí ìpẹtà jẹ sí i lára kò parẹ́, n kò sì bá wọn jà. Joel ní kí òun fi gíráídà pọ́n ẹnu rẹ̀, pé kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo ní kó gbé gíráídà rẹ̀ sílẹ̀. Iná rẹ̀ máa ń ba irin tó bá fẹ́lẹ́ jẹ́, ọ̀bẹ náà kò sì ní í mú pẹ́ mọ́. Òkúta ìpọ́nbẹ àti omi ni mo lò. Bí àwọn tó ṣe ọ̀bẹ náà ṣe ṣe é ni èmi náà ṣe pọ́n ọn: ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ kejì dagẹ̀rẹ́ wá sí ẹnu. Nígbà tó fá irun apá mi, mo mọ̀ pé ó mú.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo kó ẹ̀ka ọsàn kíkan jókòó, mo ń gé ojú lára wọn láti fi dánra wò. Kò sí ọ̀kan tó gún. Òmíràn nípọn jù, òmíràn já láàárín. Bí ìdí ojú kò bá sì tẹ́, atẹ́gùn á ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, á gbẹ. Ohun tó pa ti ìgbà méjèèjì náà nìyẹn. Mo ti ń dá bíléèdì lẹ́bi láti ọjọ́ yìí, ó sì jọ pé mo jẹ ẹ́ níyà lásán.

Inú bí mi. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà lọ bá Bàbá Simeon, mo ní ọ̀bẹ tí wọ́n tà fún mi kò dáa. Bàbá náà kò jà. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n pọ́n ọn lójú àwọn. Mo pọ́n ọn. Wọ́n na igi kan sí mi pé kí n gé e. Mo gé e.

"Dúró ná," ni wọ́n wí. "Kí ló dé tí o fi òsì pọ́n ọn, tí o wá ń fi ọ̀tún gé e?"

N kò mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni ọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi."

Òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ọwọ́ òsì ni mo kọ́kọ́ lò láyé. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, àràárọ̀ ni Bàbá mi máa ń fi ìborí Màmá di ọwọ́ náà mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó lọ sí ilé kéú, wọn kì í sì í tú u títí n ó fi jẹun alẹ́ tán. Wọn kò lù mí. Wọ́n á kàn ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, Tàíbátù," wọ́n á sì bó ọsàn fún mi kí n má baà sunkún. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè bínú sí wọn dáadáa, mo sì fẹ́ bínú.

Bàbá Simeon ní kí n mú ọ̀bẹ náà sí òsì, kí n gé igi. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀bẹ náà ń sá kúrò lára igi.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ ló yẹ kó kọjú sí igi. Ní ọwọ́ tìrẹ, èyí tó dagẹ̀rẹ́ ló kọjú sí i."

"Bí mo bá pọ́n ọn sódì ńkọ́?"

"Wàá kọ́kọ́ jẹ gbogbo ẹnu rẹ̀ kúrò kí o tó dá tuntun sí i. Irin tó kù síbẹ̀ kò pọ̀. Bó bá ya, ó parí. Bí kò bá sì ya, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ lọ́la?"

"N kò ní í tà á."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ n kò ṣí ìsọ̀. Bí mo ṣe kírun Àsùbáà tán ni mo jókòó ti òkúta. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: mo rọra ń jẹ ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ kó lè dagẹ̀rẹ́, mo sì ń jẹ ẹ̀gbẹ́ tó dagẹ̀rẹ́ kó lè tẹ́. Omi dúdú, ìka mi bó. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹnu ọ̀bẹ náà ti kú pátápátá, kò lè gé búrẹ́dì. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé mo ti pa á, mo sì ti pa ọsàn mọ́ ọn.

"Mọ́mì, ẹ sinmi," Joel ní. "Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Ṣé òun náà á dé kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́?"

Ó lọ bu omi mímọ́ wá fún mi, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Wọ́n ń pe ìrun Alásàrí lọ́wọ́ nígbà tí mo fi òsì mú ọ̀bẹ náà, tí mo fà á lára ẹ̀ka kan. Ojú náà ṣí kúrò láìjà. Ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán. Mo gé òmíràn, bákan náà ló rí. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí, n kò tíì rí kí ọwọ́ mi ṣe ohun kan kó gún tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo sunkún síbẹ̀. N kò tijú ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ Sátidé mo kó ogún ọmọ igi ọsàn kíkan sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ìmùṣin. Búọ̀dá Síkírù àti àwọn agégi ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní wákàtí méjì. Wọ́n lọ́ra, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Mo gé ẹ̀ka mélòó kan, mo jókòó sábẹ́ igi, mo mú ọ̀bẹ jáde.

"Tàíbátù!" Búọ̀dá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọwọ́ òsì? Ní ẹ̀yìnkùlé Bàbá? Lójú àwọn èèyàn wọ̀nyí?"

Ojú tì mí. Ẹ wo obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, ojú tì mí bí ọmọ ọdún márùn-ún, mo sì pa ọwọ́ dà. Márùn-ún ni mo fi ọ̀tún lọ́. Mo ṣí èèpo, mo ki ojú bọ̀ ọ́, mo fi ọ̀rá dì í. Nígbà tí mo dé orí ìkarùn-ún, mo rí i pé ìdí ojú náà wọ́, mo mọ̀ pé kò ní í yè, mo sì tún dì í. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo gbé ojú sókè, mo rí agégi kan tó ń da epo sínú ẹ́ńjìnnì.

Mo ní, "Búọ̀dá, bó bá jẹ́ ọ̀tún lẹ fẹ́, ẹ wá fi tiyín lọ́ ọ. Bí ẹ kò bá lè lọ́ ọ, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi."

Ó dúró díẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo fi òsì lọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù. Mò ń di èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bú. N kò dúró wo bí igi náà ṣe ṣubú.

Mo tò wọ́n sábẹ́ ibòji ní Ìjagun bí mo ṣe lọ́ wọn tẹ̀ léra wọn, láti orí èkínní dé ogún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a kì í fi í tú ọ̀rá wọn. Lọ́jọ́ tó pé, Búọ̀dá Síkírù yọ sí mi láìpè. Ó ní òun ń kọjá lọ ni. Ìmùṣin kò sí lójú ọ̀nà ibì kankan tó gba ìsọ̀ mi kọjá, ṣùgbọ́n mo fún un ní àga.

A jọ tú wọn. Èkínní dúdú. Èkejì dúdú. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún, gbogbo wọn ti gbẹ. Mo rọra fa ọ̀rá ẹ̀kẹfà. Ojú náà tutù, ó yọ ọ̀mùnú kékeré kan. Ẹ̀keje náà tutù. Nígbà tí a fi máa tú ogún tán, mẹ́tàlá ló yè.

Búọ̀dá ń wo márùn-ún tó wà níwájú. "Àwọn wọ̀nyí ni èyí tí mo ní kí o..."

"Àwọn ni."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló béèrè jẹ́jẹ́, "Bí Bàbá bá wà láyé lónìí, kí lo rò pé wọ́n máa sọ?"

"Inú máa bí wọn díẹ̀," mo dá a lóhùn. "Wọ́n á wá jẹ ọsàn."