Abà Tegwen Kò Wó

Ẹnjiníà tí káńsù rán wá wo abà àtijọ́ inú oko Tegwen Prydderch yíká, ó sì kọ ìwé pé àfi kí wọ́n wó o.

"Ẹsẹ̀ igi tó gbé òrùlé ró ti jẹrà, Màmá. Ògiri náà ti tẹ̀. Bó bá wó lu èèyàn ńkọ́?"

Opó ẹni àádọ́rin ọdún ni Tegwen. Kò bá a jiyàn. Ó ní kó fún òun lóṣù mẹ́ta péré, ẹnjiníà sì gbà.

Nígbà tí Idwal, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, òkú lo fẹ́ jí dìde yẹn. Jẹ́ kí wọ́n fi páànù kọ́ tuntun fún ọ."

"Bùrọ̀dá, èyí tí ẹ fi páànù kọ́ lọ́jọ́sí, ibo ni afẹ́fẹ́ gbé e lọ?"

"Ó ṣì wà nínú odò!" Èmi Eluned, aládùúgbò wọn, ni mo dáhùn.

"Ta ló bá ìwọ sọ̀rọ̀?" ni Idwal fi dá mi lóhùn.

Tegwen mọ ohun tó ń ṣe abà náà. Òkúta, amọ̀ àti ẹfun ni àwọn baba ńlá fi mọ ọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára. Omi tó bá wọlé kò rọ́nà jáde mọ́, ara igi ló ń mu ún. Èmi àti ẹ̀ fi òòlù gbẹ́ sìmẹ́ńtì náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọwọ́ wa bó. Nígbà tí ògiri gbẹ, a fi ẹfun dí ojú rẹ̀.

Ó ku igi. Igi líle ńlá méjì tí wọ́n ń pè ní óákù, tó tẹ̀ bí ọrun, ló gbé òrùlé ró, wọ́n fara ti ara wọn lókè bí ẹni ń jìjàkadì. Ẹsẹ̀ ọ̀kan ti rà dé orúnkún, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ le koko. Tegwen mú ayùn, ó ń gé óákù tuntun tí a fẹ́ fi rọ́pò ẹsẹ̀ náà. Idwal tó wá wòran kò lè mú un mọ́ra. Iṣẹ́ káfíńtà ló fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe.

"Ṣé báyìí ni wọ́n ń di ayùn mú? Gbé e wá jàre!"

Láti ọjọ́ náà, kò lọ sílé àfi tó bá fẹ́ sùn.

Lọ́jọ́ tí a gbé òrùlé sókè, jáàkì mẹ́rin la kì bọ abẹ́ rẹ̀. Igi ké. Erùpẹ̀ bò wá lójú. Ọ̀kan nínú òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo òrùlé já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ dúró!" Idwal kígbe.

"Ẹ máa yí i lọ," ni Tegwen wí, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè.

A yí i. Àlàfo yà níbi tí a ti gé ẹsẹ̀ jíjẹrà kúrò, Idwal ti ẹsẹ̀ tuntun wọ inú rẹ̀, ó sì wọlé ṣinṣin. A dẹ jáàkì. Ilé náà mí kanlẹ̀, ó sì jókòó.

Ẹnjiníà padà wá. Ó ta okùn olójé tí wọ́n fi ń wo bí ògiri ṣe tẹ̀ sí sílẹ̀ lára ògiri, ó wò ó títí, ó tún un ta. "Kò tẹ̀ ju ti ìjọsí lọ, òrùlé kò tì í mọ́," ló wí. Ó bọ́ fìlà, ó sì fa ìwé wíwó rẹ̀ ya lójú wa.

Idwal gbá Tegwen mọ́ra, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ìwọ obìnrin yìí! Àwa tá a bí sínú ilé yìí ti sọ̀rètí nù."

Lọ́jọ́ kejì, a kó koríko gbígbẹ tí ẹran ọ̀sìn máa jẹ wọ inú abà. Nígbà tó kún dé àjà, gbogbo àdúgbò jókòó sórí rẹ̀, a jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, a sì kọrin tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà lódìkejì àfonífojì ń gbè é.