Máíkírówéfù fún Ilé Màmá

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fomi dán an wò ná, mọ̀mí," ni Sherifat wí, ó sì na wáyà ẹ̀rọ náà síbi iná. "Mi ò kì í ta ohun tí mi ò bá tíì dán wò."

Ẹ̀rọ kẹta nìyí tí wọ́n gbé sórí káńtà ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́. Motúnráyọ̀ ti kọ méjì sílẹ̀. Bọ́tìnnì èkíní kéré jù fún ojú àgbàlagbà. Ti èkejì, àfi kéèyàn gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgà kó tó pa dé. Motúnráyọ̀ kì í ra nǹkan ní wàrà-wéré. Bó bá fẹ́ ra abẹ́rẹ́, yóò kọ́kọ́ gbé e sójú oòrùn yẹ ihò rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta yìí wù ú: ó funfun, nǹkan méjì péré ló wà lára rẹ̀ téèyàn máa yí, ọ̀kan fún ooru, ọ̀kan fún àsìkò.

"Ta ló fẹ́ lò ó, ma?"

"Ìyá mi ni, l'Óǹdó. Wọ́n ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Gáàsì kò ṣe é fi sílẹ̀ fún wọn mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde tó kọjá, Bàbá Ògúnníyì, tí ilé rẹ̀ fara ti ilé Màmá, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ló bá ń gbóòórùn gáàsì. Ó sáré wọ ilé ìdáná Màmá, ó bá a pé gáàsì ń tú yàà láìsí iná lórí rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Lọ́jọ́ kejì ni Motúnráyọ̀ padà lọ gbé sílíńdà sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé e wá sí Àkúrẹ́. Òun àti Akínkúnmi àbúrò rẹ̀ sì pinnu pé àwọn á ti ilé náà pa, kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

Màmá tí kì í bẹ èèyàn, ó bẹ̀ wọ́n. "Ẹ jẹ́ kí n kú sínú ilé tí èmi àti bàbá yín jọ kọ́." Ibi tí wọ́n wá fi àdéhùn sí ni pé bí wọ́n bá rí máíkírówéfù, ẹ̀rọ tó ń gbé oúnjẹ gbóná láìdá iná, Motúnráyọ̀ á máa se oúnjẹ láti Àkúrẹ́, á máa gbé e lọ ní gbogbo Sátidé. Bí ẹ̀rọ náà bá fi bàjẹ́ tàbí tí Màmá kò mọ̀ ọ́n lò, ilé di títì pa nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá èyí tó ṣe é fọkàn tán.

"Kì í tilẹ̀ ṣe gáàsì nìkan," ló ń sọ fún Sherifat bí kọ́ọ̀pù omi ṣe ń yí po nínú ẹ̀rọ. "Ọwọ́ wọn ti kúrò nínú ọbẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kejì, ọbẹ̀ ìyá mi ò dùn mọ́, bí omi lásán ló rí. Ìyá tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ìjọ máa ń pè tí wọ́n bá fẹ́ dáná! Mo sì sọ fún wọn."

"Ẹ sọ fún wọn?"

"Kí n wá ṣe báwo? Ọjọ́ orí ni."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ gíláàsì ẹ̀rọ náà. Iná inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kò pariwo, omi ti ń hó díẹ̀díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. "Èyí dáa," ló wí. "Òun ni mo máa mú."

Ìgbà tó gbé orí sókè, Sherifat ti fi híjáàbù bo imú. Oríọlá, télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ti dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, ó yọ orí wọlé. "Sherifat, kí ló ń jóná níbẹ̀ yẹn?"

Sherifat ti fa wáyà náà yọ. "Nǹkan kan ń jó nínú ẹ̀. Mọ̀mí, ẹ má rà á."

"Kí ló ń jóná?" ni Motúnráyọ̀ béèrè. "Mi ò rí èéfín."

"Kò tíì yọ èéfín, òórùn ẹ̀ la gbọ́." Sherifat wò ó lójú. "Ẹ̀yin ò gbóòórùn ẹ̀ ni? Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù."

Motúnráyọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ọlọ́jà nìyí, ló rò lọ́kàn, wọ́n fẹ́ ta èyí tó wọ́n ju èyí lọ fún òun. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà, ó ki imú bọ inú rẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ símú dáadáa. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wo Oríọlá, ó rí i pé ojú ọkùnrin náà ti ń ṣomi. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Motúnráyọ̀ jáde sí ìta, níbi tí obìnrin kan pàtẹ irú sí. Ó bu irú náà síka, ó gbé e símú. Irú kì í ṣe ohun tó ń fi ara pamọ́. Bí wọ́n bá ń fi í se ọbẹ̀ nílé kan, ilé kẹta á mọ̀. Ṣùgbọ́n ní imú Motúnráyọ̀, bí ẹni bu yanrìn ló rí.

"Irú tòní ni o, mọ̀mí," ni obìnrin náà ń wí. "Kò sí èyí tó sùn níbẹ̀."

Motúnráyọ̀ tún gbé irú náà símú. Ó rántí ọ̀fìnkìn tó dá a dùbúlẹ̀ nígbà ọyẹ́, ní oṣù kìíní. Àtìgbà náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ọbẹ̀ Màmá, ọbẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀ tí kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán mọ́, tí òun sì ń bú wọn pé oúnjẹ ilé ò tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́. Ó wá rántí Ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Màmá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀. Òun Motúnráyọ̀ ló gbé omi tíì kaná kó tó máa padà sí Àkúrẹ́. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an. Ó rí i pé iná kò sí lábẹ́ kẹ́tùlù mọ́, ó rò pé òun ti pa á, ó bu omi, ó mu tíì, ó fa ilẹ̀kùn dé. Kò tíì ju Bọ́lọ́rundúró lójú ọ̀nà lọ nígbà tí Bàbá Ògúnníyì pè é, ó sì gbà pé Màmá ló ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tó ṣí gáàsì sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá béèrè nígbà tí òun àti Akínkúnmi pe ìpàdé: "Ta ló lo ilé ìdáná kẹ́yìn?" Òun ló sì dáhùn, pẹ̀lú ohùn líle, pé, "Màmá, ẹ ti gbàgbé ni." Ojú tì í débi pé ó jókòó sórí àpótí onírú láìtọrọ àyè.

Nígbà tó padà wọ ṣọ́ọ̀bù, Sherifat ti gbé ẹ̀rọ kẹrin jáde, tuntun inú páálí. Wọ́n gbé omi sí i. "Ẹ bá mi gbóòórùn ẹ̀," ni Motúnráyọ̀ wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Sherifat àti Oríọlá na imú sí ẹ̀rọ náà bí ẹni ń yẹ ọmọ tuntun wò. Wọ́n ní kò sí òórùn kankan. Ó rà á. Ó yà sílé, ó ní kí wọ́n gbé sílíńdà sẹ́yìn ọkọ̀, ó kọrí sí Oǹdó.

Ó bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀kọ tútù. Ìyá náà rí sílíńdà tí Bàbá Ògúnníyì ń bá wọn gbé wọlé.

"Máíkírówéfù ọ̀hún dà?"

"Ó wà nínú ọkọ̀, Màmá. Ilé tèmi ni mo rà á fún." Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀. "Èmi ni mo ṣí gáàsì sílẹ̀. Imú mi ò gbóòórùn mọ́. Àtìgbà ọyẹ́ ni, mi ò sì mọ̀."

Màmá gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. "Èmi mọ̀," ló wí.

Motúnráyọ̀ gbójú sókè.

"Ìgbà tí o wá lóṣù kejì, mo ní kí o bá mi wo ẹ̀wà. O jókòó tì í, ò ń tẹ fóònù, ó jó di èédú. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Ògúnníyì ni mo ti gbóòórùn ẹ̀. Mo ti mọ̀ látìgbà náà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ, Màmá?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ níbi ìpàdé. O ní mo ti gbàgbé." Ìyá náà nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹni tí wọ́n bá ti ní ó ń gbàgbé, kí ló tún kù tó máa sọ tí wọ́n á gbà?"

 Orí ìkúnlẹ̀ náà ni Motúnráyọ̀ wà tó fi pe Akínkúnmi lórí fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un kí Màmá máa gbọ́, ó sì ní ọ̀rọ̀ títi ilé pa ti parí.

Nírọ̀lẹ́, Màmá so sílíńdà mọ́ sítóòfù fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ibi tí rọ́bà ti kan irin, kó tó ṣáná. "Jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀," ló wí fún ọmọ rẹ̀, Motúnráyọ̀ sì jókòó. Ìyá náà se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ó fi irú sí i, ó bù ú fún un pẹ̀lú iyán gbígbóná.

Motúnráyọ̀ jẹ òkèlè kìíní. Kò rí adùn kankan, bí ti àtẹ̀yìnwá. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ tó ń wò ó.

"Ṣé ó dùn?" ni Màmá béèrè.

"Mi ò mọ̀, Màmá. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

Màmá na ọwọ́ sínú abọ́ náà, ó fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó rò ó díẹ̀.

"Ó dùn," ló wí.

Motúnráyọ̀ sì jẹ ẹ́ tán.