Ìsun Màmá Heghine

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ní Lorasar, abúlé orí òkè kan ní ilẹ̀ Àméníà, òfin mìíràn wà tó lágbára ju ti àwọn àgbà lọ: a kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àlejò tó ń jẹun nílé ẹni. Ará Lorasar lè ṣìnà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní béèrè.

Òfin yìí ló fà á tí ìsun fi di mẹ́rin ní Lorasar, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí omi mu.

Ìsun tí à ń wí yìí, òkúta gbígbẹ́ ni, kò ga ju àyà ọmọdé lọ, ẹnu irin kékeré sì wà lórí rẹ̀ tí èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ láti mu omi. Bí èèyàn bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn a kọ orúkọ òkú sí i, kí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ lè mu, kó sì wí pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun rere ni. Àwọn ọmọ Àméníà tó wà lẹ́yìn odi, àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Àtùpà sílẹ̀ láti máa ran ilé ìwé àti abúlé lọ́wọ́ nílé, fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Ẹ̀ka Boston gbé ọ̀kan kalẹ̀. Ẹ̀ka Montreal ò fẹ́ kí ti Boston dá dúró. Ẹ̀ka Beirut ní tàwọn gbọ́dọ̀ ga jù. Ìkẹrin ni ti Marseille, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé.

Òkúta pọ̀. Páìpù ni kò sí. Èyí tí ìjọba àtijọ́ rì láti orísun omi lórí òkè ti dípẹtà, ó ti di erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Ẹgbẹ́ bá kọ̀wé pé kí ni ìlú ń fẹ́, Norayr, alága ìlú, a fèsì pé, "Àlàáfíà yín nìkan ni à ń fẹ́."

Orí Hranush, ọ̀gá ilé ìwé, ni èsì yìí máa ń já lé. Àwọn olùyẹ̀wò ti wá láti ìlú ńlá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ húkọ́. Wọ́n ní bí omi kò bá tíì dé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, àwọn yóò ti ilé ìwé náà pa, àwọn ọmọ yóò sì máa wọ ọkọ̀ lọ kàwé nísàlẹ̀ òkè. Hranush mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ọmọ bá lọ, ìyá á tẹ̀lé e. Bí ìyá bá lọ, bàbá á ta màlúù. Abúlé tí ilé ìwé rẹ̀ bá kú, àlùfáà nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù síbẹ̀, òun náà nítorí itẹ́ òkú ni.

Ìgbà tí Madam Azniv Kupelian, ìyá àgbà kan láti Marseille, wá kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá ṣí ìsun tí òun fi ṣe ìrántí ìyá ìyá òun, Norayr pe ìpàdé.

"Omi máa jáde lọ́jọ́ náà," ó ní.

"Láti ibo?" ni Hranush bi í.

"Láti ọwọ́ Vachik."

Vachik ló ń wa katakata abúlé. Kì í béèrè ìdí. Wọ́n ní kó gbé àgbá omi sórí katakata, kó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri ilé ìwé, kó sì ti rọ́bà bọ abẹ́ òkúta náà.

"Alága, irọ́ lẹ fẹ́ pa yẹn o."

"Irọ́ kọ́, àlejò ṣíṣe ni. Ṣé o fẹ́ kí ìyá arúgbó ti ọ̀nà jíjìn wá, kó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkúta gbígbẹ ni?"

"Ohun tí mo fẹ́ ni ká sọ fún un pé páìpù la nílò."

"Hranush ọ̀wọ́n, kí n bá ọ gba ìrora rẹ, bóo bá la ẹnu tọrọ páìpù lórí oúnjẹ, màá gbé àga mi kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá tó ṣáájú rẹ tọrọ fèrèsé lọ́wọ́ ará Boston. Ṣé o tún rí ará Boston?"

"A rí fèrèsé."

"A ò rí ará Boston mọ́!"

Wọ́n yíjú sí Bàbá Àlùfáà. Ó ní òun yóò súre fún omi. Ibi yòówù tí omi bá ti wá, Ọlọ́run ló ni ín. Kí wọ́n má sì tún bi òun ní ìbéèrè mìíràn.

Ọjọ́ pé. Madam Azniv dé, ó kúrú, ó wọ dúdú, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé fi búrẹ́dì àti iyọ̀ pàdé rẹ̀. Ó dúró níwájú òkúta tí orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, Heghine, wà lára rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀.

"Ọmọdé ni ìyá mi àgbà nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò nílé gba aṣálẹ̀ kọjá. Ohun tó rí níbẹ̀, kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìyá ilé ní Marseille, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ilé rẹ̀ kó má mu omi. Olè wọlé lọ́jọ́ kan, ìyá mi àgbà kọ́kọ́ fún un lómi kó tó pariwo."

Norayr ju áńkáṣífù sókè. Lẹ́yìn ògiri, Vachik tú rọ́bà. Omi tú jáde. Àwọn ará ìlú pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì pọ̀ díẹ̀ fún àwọn tó kàn rí omi. Madam Azniv bẹ̀rẹ̀, ó mu, ó gbé orí sókè.

"Ó níyọ̀."

Hranush wo Norayr. Àgbá tí Vachik rí lò, èyí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń rẹ wàràkàṣì sínú omi iyọ̀ ni.

"Omi oògùn ni, Màmá," ni Norayr wí. "Inú àpáta ló ti ń bọ̀."

"Ó ń rùn bíi wàràkàṣì."

"Ìyẹn ló jẹ́ kó dáa fún eegun."

Màmá tún mu ún. Ó ní lóòótọ́, orúnkún òun ti ń fúyẹ́. Ó yọ ìgò méjì nínú báàgì, ó rọ wọ́n kún fún àbúrò rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ jẹ́ ká tì í, Màmá, ká lọ jẹun," ni Hranush wí.

"Tì í kẹ̀? Omi Heghine kò ní í dákẹ́ lójú mi. Ẹ gbé tábìlì wá síbí."

Wọ́n gbé tábìlì síbẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun, ewé tútù àti ọtí èso píà. Norayr dìde pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó sì kì í:

"Azniv, ọmọ Kupelian,
ọmọ arìn-láṣálẹ̀-má-sọ-ìwà-nù,
ọmọ a-fún-olè-lómi-kó-tó-figbe-ta.
O kọjá òkun, òkun ò rú;
o gun òkè, òkè ní o káàbọ̀.
Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀, orísun rẹ ò ní gbẹ."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí. Ti Hranush ló rinlẹ̀ jù. Omi tó nípọn bí àtàǹpàkò ní ìbẹ̀rẹ̀ ti tín-ín-rín bí igi ìṣáná.

"Alága, ẹnu rẹ dùn," ni Madam Azniv wí. "Ẹ̀ka wa ṣì fẹ́ ṣe ohun kan sí i kí ọdún tó parí. Kí ló kù tí ìlú ń fẹ́?"

"Àlàáfíà yín, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ohun tóo máa sọ nìyẹn. Mo ti rò ó fúnra mi. Ìsun mìíràn, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹran há Bàbá Àlùfáà lọ́fun. Hranush di ojú rẹ̀. Olúwa, ìwọ tóo la àpáta fún Mósè, fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Bí kò bá sì sí ọ̀rọ̀, ṣáà bá mi la ẹnu náà. Ó dìde.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi kálọ sẹ́yìn ògiri."

Norayr gbé àga rẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò gbé e lọ, ó tún jókòó.

Lẹ́yìn ògiri, Vachik wà lórí katakata, ó ń jẹ búrẹ́dì àti àlùbọ́sà, ọwọ́ kejì di rọ́bà mú. Ó ṣí fìlà. Madam Azniv wo àgbá, ó wo rọ́bà, ó wo Vachik.

"Ṣé ìwọ ni ìsun?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ káàbọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n tán."

Ojú ti Hranush débi pé òógùn bò ó, ṣùgbọ́n ẹnu ti ṣí.

"Màmá, omi wà lórí òkè yẹn, ó tutù, kò níyọ̀. Páìpù tó máa gbé e wá ni kò sí. Bí yìnyín bá bọ́ kí omi tó dé, wọ́n á ti ilé ìwé yìí, wọ́n á kó àwọn ọmọ wa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wa ní ìsun mọ́. Páìpù ni kẹ́ ẹ fún wa."

"Orúkọ ìyá mi àgbà ńkọ́? Ibo la máa kọ ọ́ sí lára páìpù?"

"Ibi tó bá wù yín. Abẹ́ ilẹ̀ ló máa wà. Ẹnikẹ́ni ò ní rí i."

Lódìkejì ògiri, omi dákẹ́. Wọ́n gbọ́ ohùn Norayr tó ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn pé omi oògùn máa ń sinmi lọ́sàn-án.

"Ìyá tó bí Heghine wà lábẹ́ ilẹ̀ nínú aṣálẹ̀," ni Madam Azniv wí, bí ẹni ń sọ pé ọbẹ̀ ti jiná. "Òun náà ò lórúkọ lórí."

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí Hranush, ó di irin katakata mú, ó gbé ẹsẹ̀ lé e.

"Ọmọ mi," ó ní fún Vachik, "sún díẹ̀. Gbé mi lọ síbi tí omi náà wà."