Rédíò Ẹ̀gbẹ́ Ìrọ̀rí

Láti ọjọ́ Àìkú ni Bàbá Abọ́dúnrìn kò ti tan rédíò mọ́. Gbogbo àdúgbò wọn ní Ajangbadi ló sì mọ̀, nítorí rédíò káfíńtà àgbà náà ló máa ń jí wọn láàárọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìròyìn á gbọ́ ọ tipátipá.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ní Òkokomáìkò ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe ọkùnrin kan wá sọ̀rọ̀ nípa ìlera. Ọkùnrin náà ní ìgbì rédíò ni fóònù ń lò, kí wọ́n má máa gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Fóònù kò wọ Bàbá létí rárá. Rédíò àti ìrọ̀rí nìkan ló gbọ́, àyà rẹ̀ sì já. Nígbà tí jẹjẹrẹ dá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀, ta ló ń gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tọ̀sán-tòru? Ṣé òun ló wá fọwọ́ ara òun pa obìnrin náà?

Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Ọmọ́táyọ̀ ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbà, wá kí i, ó rí i pé bàbá òun ti rù. Ó da ìbéèrè bò ó títí ó fi jẹ́wọ́.

"Dádì, kí ni Yorùbá ń pe rédíò?"

"Asọ̀rọ̀mágbèsì."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kì í gba èsì lẹ́nu wa rán padà. Fóònù ló ń gbé èsì lọ, òun ló ń rán ìgbì jáde. Tiẹ̀ náà, wọ́n ti fún un ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá, kó má bàa gbóná jù sí wa lára. Rédíò yín kàn ń gbọ́ ni. Ìgbì tó ń gbọ́ ń kọjá lára wa bí ẹ tàn án, bí ẹ pa á. Òun kọ́ ló fún Mọ́mì ní kánsà."

Bàbá fẹ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù pé ọmọ kàn ń tu òun nínú ni.

"Bóyá ariwo ẹ̀ ni ò jẹ́ kó sinmi," ó ní.

"Mo fẹ́ pa rédíò náà lọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mọ́mì di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, pé tó bá ti ń sọ̀rọ̀, ó máa ń ṣe àwọn bíi pé ẹ wà nínú yàrá."

Bàbá Abọ́dúnrìn tí kò sunkún níbi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń yìn pé ọkàn rẹ̀ le, bo ojú, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ọmọ́táyọ̀ jókòó tì í, kò ní kó dákẹ́.